Ìròyìn Tí Baba Gé Lórí

Ogun bẹ́ sílẹ̀ lókè òkun, Kalyna Hrycak kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, "Ó dùn mí." Owó àlìkámà já wálẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Ó dùn mí." Ọkùnrin kan ní Regina jẹ tẹ́tẹ́ mílíọ̀nù méjì, ó kọ ọ́ pé, "Ó dùn mí gan-an ni." Ìgbà yẹn ni tíṣà rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Desjarlais, pè é síwájú kíláàsì.

"Kalyna, ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ yìí, kí ló dùn ọ́ níbẹ̀?"

"Pé kì í ṣe èmi, sà."

"Ó ṣeun. Òótọ́ àkọ́kọ́ tí o kọ láti oṣù kẹsàn-án nìyẹn."

Iṣẹ́ ọ̀hún kò le. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ilé-ìwé Harrow Creek, ní Kánádà, á gé ìròyìn kan nínú ìwé ìròyìn, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé rẹ̀, á sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Báwo ló ṣe rí lára rẹ? Kí ni ìwọ fúnra rẹ máa ṣe sí i? Ìwé ìròyìn gidi ni o. Tíṣà ti fòfin de fóònù láti ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan ti fi omijé kọ ojú ìwé méjì lórí àgbọ̀nrín kan tí wọ́n ní ó wọlé ìbò olórí ìlú. Kalyna ní tirẹ̀ kì í kọ ju ìlà mẹ́ta lọ: nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, ó dùn mí, mi ò ní ṣe nǹkan kan. Kò sì purọ́. Ìròyìn ò kàn án. Òkúta ló kàn án.

Eré òkúta orí yìnyín ni mò ń wí. Ẹnì kan á ti òkúta ràbàtà kan kí ó máa yọ̀ lọ lórí yìnyín, àwọn méjì á sì máa fi ìgbálẹ̀ gbá iwájú rẹ̀ kíkankíkan bí ẹni pé àlejò pàtàkì ló ń bọ̀. Kalyna ni ọ̀gá àwọn agbálẹ̀ yìí. Ní ilé, kì í gbálẹ̀ rárá. Ìyá ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé òun máa da omi sílẹ̀ ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, òun á ṣílẹ̀kùn kí ó dì, bóyá Kalyna á rí ibẹ̀ gbá.

Ìdíje gbogbo ilé-ìwé Saskatchewan bọ́ sí Sátidé ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ Harrow Creek sì máa lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Ọjọ́ Ajé ni Ọ̀gbẹ́ni Desjarlais wá fún un ní ìròyìn tí kò sí nínú ìwé kankan.

"O ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ mẹ́sàn-án. Bí èyí tí o máa mú wá lọ́jọ́ Ẹtì ò bá yanjú, máàkì rẹ ò ní tó. O sì mọ òfin ilé-ìwé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ kankan rìnrìn àjò."

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi!"

"Àánú kọ́. Ìbínú ni kí o mú wá, tàbí ayọ̀, tàbí ìtìjú, èyíkéyìí tí o bá ní nílé. Lọ ka ìròyìn títí nǹkan kan á fi ṣe ọ́."

Ọjọ́rú ni ìwé ìròyìn ìlú máa ń jáde. Bí wọ́n ṣe jáde nílé-ìwé, Kalyna sáré gba inú ìrì dídì lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn alájẹṣẹ́kù. Pẹpẹ ìwé ìròyìn ṣófo.

"Kóòṣì yín ló kó gbogbo rẹ̀," ni ọmọbìnrin tó ń tajà wí. "Odindi ogún. Kí n tó ṣílẹ̀kùn ló ti dúró síta. Ó ní òun fẹ́ fi tẹ́ inú bọ́ọ̀sì."

Kalyna rẹ́rìn-ín. Orest Melnyk nìyẹn! Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, òun ló ń ṣe yìnyín gbọ̀ngàn eré náà láràárọ̀, òun ni kóòṣì àwọn ọmọ, òun náà ló sì ń wa bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé wọn lọ síbi ìdíje. Láti ìgbà tí Kalyna ti wà lọ́mọ ọdún méje ló ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ìgbálẹ̀ mú. Ó fẹ́ràn bàbá yìí bí ẹni fẹ́ràn oúnjẹ. Ó gba ilé Baba lọ.

Ẹ má wojú mi. Baba yìí, obìnrin ni, ìyá ìyá Kalyna. Àwọn ará Ukraine tó tẹ ìlú náà dó ló gbé èdè náà wá, Baba ni wọ́n ń pe ìyá àgbà, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Kò ní irùngbọ̀n, àfi ẹyọ méjì tó máa ń fà tu ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Baba wà lára àwọn díẹ̀ tí ìwé ìròyìn ṣì ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá bá, kì í sì í kà á lásán: sísọ́ọ̀sì ló fi ń kà á. Á gé ìkéde òkú, á gé bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀, á gé ohun tí wọ́n dín owó rẹ̀. Bó bá kà á tán, wíwò ni ẹ máa wo ìta láti inú rẹ̀.

Baba kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń ká pẹ̀rógì, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fi ọ̀dùnkún kún inú rẹ̀, tí wọ́n máa tà lọ́jọ́ Ẹtì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹyọ, ẹni tó bá sì wọ inú iṣẹ́ yẹn, àfi kí ẹbí rẹ̀ ṣe sùúrù títí yóò fi jáde. Kalyna bá ìwé ìròyìn lórí tábìlì. Ihò ńlá kan ti wà lókè ojú ewé kẹrin. Lábẹ́ ihò náà ni ó ti rí èyí:

"Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti gbọ̀ngàn yìnyín pa, kí wọ́n sì máa gbé katakata tó ń kó ìrì dídì sínú rẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ Orest Melnyk ló dá àbá náà. Ó ní eré òkúta jẹ́ eré àwọn tó ya ọ̀lẹ jù láti sáré, tí ojú sì ń tì láti jókòó."

Kalyna kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. Nǹkan kan ṣe é.

Àyà rẹ̀ gbóná, etí rẹ̀ gbóná. Orest! Orest tó ń fún wọn ní ṣokoléètì nínú bọ́ọ̀sì! Kò mọ̀ pé kánsẹ́lọ̀ ni, àmọ́ Kalyna ò mọ kánsẹ́lọ̀ kankan láyé yìí. Bí wọ́n bá ní àgbọ̀nrín wà níbẹ̀, á gbà. Ìdí nìyí tó fi kó gbogbo ìwé ìròyìn nílẹ̀! Kó má baà di pé aráyé kà á! Ó gé ìròyìn náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé rẹ̀, ó mú bírò, ó kọ ojú ìwé kan, ó kọ méjì, ó kọ mẹ́ta. Ó pe Orest ní ọ̀dàlẹ̀, ó pè é ní ejò abẹ́ yìnyín, ó sì kọ ọ́ pé òun ò ní jẹ ṣokoléètì rẹ̀ mọ́, ohun tó ro ó lára jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó dé ìbéèrè kẹta, Kí ni ìwọ fúnra rẹ máa ṣe sí i?, ó kọ ọ́ pé, "Màá gbé ìlú yìí dìde." Nígbà tí Baba fi máa dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé orí àga ni ìyá àgbà náà sùn sí pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, kò sí ẹni tí Kalyna lè bá sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn yìnyín kọjá, ó sì yọjú lójú fèrèsé. Orest wà nínú ilé, ó gbé agolo omi kọ́ ẹ̀yìn, ó ń wọ́n omi sórí yìnyín díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ń súfèé. Ọ̀dàlẹ̀ tún ń súfèé! Kalyna gba ìdí kọfí lọ pẹ̀lú ìwé ẹ̀hónú tó ti kọ kí ará ìlú lè buwọ́ lù ú.

Ìdí kọfí wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù alájẹṣẹ́kù. Ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì máa ń jókòó sí láti aago mẹ́ta, òfin kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà pé òun ò tíì gbọ́ ìròyìn kan rí. Ìtìjú ni. Ó sàn kí àgbẹ̀ sọ pé òun ò ní katakata.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá. Káńsù fẹ́ ti gbọ̀ngàn yìnyín pa!"

"Mo ti gbọ́," ni Lloyd Sigurdson wí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Kóòṣì Orest ló dá àbá náà!"

"Mo ti gbọ́ ìyẹn náà."

Wasyl Kuzyk, tó lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa, gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Orest? Ṣé alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn? Èmi kúkú wà níbẹ̀!"

"Ẹ wà níbẹ̀, bàbá?"

"Mo wà níbẹ̀ kẹ̀! Mo pariwo mọ́ ọn títí wọ́n fi tì mí síta. Òtútù ọjọ́ yẹn, háà, mi ò lè gbàgbé. Ó ní ọ̀lẹ ni wá!"

"Ó wà nínú ìwé ìròyìn báyìí, ẹ wò ó!"

"Ọ̀lẹ! Èmi Wasyl! Gbé bírò yẹn wá."

Ó buwọ́ lùwé náà tagbára-tagbára débi pé bírò lu ìwé já. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á máa sọ pé kí ẹnì kan bi Wasyl léèrè pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun wo. Ta ló fẹ́ bi í? Ẹni tó bá bi í ti gbà pé òun ò tíì gbọ́ nìyẹn. Lloyd buwọ́ lù ú, àwọn yòókù buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì tó mu kọfí tán, ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé epo, ó ti dé ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì ti ń pọ̀ sí i lọ́nà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé irun ajá, Orest ti ta gbọ̀ngàn náà fún àwọn ará Alberta, ìpínlẹ̀ tó múlé gbè wọ́n.

Ní aago márùn-ún, ogójì ènìyàn ti kó ìgbálẹ̀ dání níwájú gbọ̀ngàn yìnyín. Kalyna gbé ẹ̀yìn páálí pítísà kan sókè, ó ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ OREST Ọ̀DÀLẸ̀ sí i. Ẹ̀hónú Harrow Creek ni, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ gbọn ìrì dídì kúrò lára bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tò wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì tẹ ẹlòmíì lẹ́sẹ̀ ń tọrọ àforíjì. Wọ́n wá bú sí orin: "Ẹ jọ̀ọ́ o, a ò gbà!"

Orest yọ láti ẹ̀yìn, agolo omi ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo páálí náà. Ó wo ẹni tó gbé e dání.

"Kalyna? Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ń bi mí? Ẹ tún ń bi mí?" Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì ka ìròyìn náà sókè ketekete. Nígbà tó dé ibi "tí ojú sì ń tì láti jókòó," ojú bàbá náà ti pọ́n bí tòmátì.

"Níbo lo ti rí ìyẹn?" ni Orest kígbe. "Gbogbo rẹ̀ ni mo rà!"

"Ó jẹ́wọ́ o!" ni Wasyl wí.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyáàfin Fehr já wọlé. Òun nìkan ló ń kọ ìwé ìròyìn ìlú náà, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun ló sì ń pín in. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Fọ́tò ló kọ́kọ́ yà: Kalyna, páálí rẹ̀ lókè, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, gbogbo eyín rẹ̀ síta.

"Kí lẹ ń fi Orest ṣe?"

Baba nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun funfun láti ọwọ́ dé ìgbúnwọ́. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì tò sẹ́yìn rẹ̀. Kalyna sáré gbé ìwé fún un, ó ní kí ó wo ohun tí Orest ṣe. Baba wò ó. Kò wo ìròyìn o, òkè ìròyìn ló ń wò, níbi tí sísọ́ọ̀sì ti gbà kọjá.

"Ihò yìí, èmi ni mo gé e," ni Baba wí. Ó tọwọ́ bọ àpò ápírọ̀nù rẹ̀, ó fa bébà kékeré kan yọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì oníhóró pọ́pì ló wà lójú rẹ̀. Ó yí i padà, ó fi lé orí èyí tó wà nínú ìwé Kalyna, wọ́n sì bá ara wọn mu wẹ́kú. Lẹ́tà dúdú ló wà lẹ́yìn kéèkì: OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ÀÁDỌ́TA ỌDÚN SẸ́YÌN.

Ẹ lè gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti inú agolo Orest.

"Mo ti gbọ́," ni Lloyd wí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ ni èyí ní tirẹ̀, àádọ́ta ọdún ló fi rìn, orí ọmọ ọlọ́mọ ló sì wó lé. Ojú ti Kalyna débi pé ó wu ú kí yìnyín lanu gbé òun mì. Ó gbé páálí náà sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, àmọ́ àwòrán pítísà ló wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ò sì fi iyì kankan kún ọ̀rọ̀ náà.

"Kóòṣì, ẹ forí jì mí. Mo rò pé ẹ fẹ́... Inú ló bí mi. Nítorí pé mo fẹ́ràn ibí yìí ni."

Orest sọ agolo omi kalẹ̀. "Ìwọ kọ́ ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀. Òótọ́ ni. Mo sọ ọ́. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé ọ̀kan ni mí nígbà yẹn, mo ti wọ káńsù, mo rò pé mo gbọ́n."

"O ò gbọ́n," ni Baba wí.

"Mi ò gbọ́n. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù pé tó bá pé àádọ́ta ọdún, wọ́n á tún un tẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí á kà á pé èmi gan-an ni mo fẹ́ pa eré wọn. Ìdí tí mo fi ra ogún nìyẹn."

Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Baba ló sọ ìyókù fún àwọn ọmọ, kò sì dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ìpinnu náà, àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn obìnrin ìlú kó ìgbálẹ̀ wọ ìpàdé káńsù. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń gbálẹ̀ ni. Wọ́n gbá abẹ́ tábìlì, wọ́n gbá ẹsẹ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀, wọ́n gbá Orest láti orí bàtà dé orúnkún, títí káńsù fi yí ìpinnu rẹ̀ padà. Baba ló ṣáájú wọn. Òun ló sì dá Orest lẹ́jọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí owó ṣíṣe yìnyín ti wọ́n jù lójú rẹ̀, kí ó máa wá ṣe é fúnra rẹ̀.

"Mo rò pé ọdún kan ni," ni Orest wí.

"Mi ò dá iye ọdún," ni Baba dáhùn. "O ò sì bi mí."

Kalyna fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Kóòṣì, ṣé ẹ ṣì máa gbé wa lọ ní Sátidé?"

"Èmi máa lọ. Tíṣà rẹ ni kí o lọ bi léèrè bóyá ìwọ náà ń lọ."

Ọjọ́ Ẹtì dé, Ọ̀gbẹ́ni Desjarlais sì jókòó ti ojú ìwé mẹ́ta náà. Kalyna dúró síwájú rẹ̀. Ó ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Tíṣà kà á, ó bo ẹnu, ó yí àga kọ ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yíjú padà, ó mú bírò pupa.

"Ìbéèrè kìíní: Kí ló ṣẹlẹ̀? Òdo. Wo déètì, ọmọ yìí! Máa wo déètì!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìkejì: Báwo ló ṣe rí lára rẹ? Ejò abẹ́ yìnyín... Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ìkẹta: Kí ni ìwọ fúnra rẹ máa ṣe sí i? Mo rí ìlú náà láti ojú fèrèsé mi. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá." Ó kọ ogún sí i, ó fà á nílà lábẹ́. "Ogún nínú ọgbọ̀n, o yege. Ẹ jọ̀wọ́ kí ẹ gba ipò kìíní, kí n lè rí ohun tí mo máa sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé."

Láàárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì. Orest ò purọ́: ogún ìwé ìròyìn ló tẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́, gbogbo bàtà wọn ló sì ń da ìrì dídì sórí ojú ewé kẹrin. Kalyna jókòó síwájú. Orest na ṣokoléètì sí i, Kalyna gbà á, ó sì jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó jáde nílùú. Ìgbà náà ló wá rántí ohun tí Ìyáàfin Fehr sọ ní ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lánàá, pé fọ́tò yẹn máa wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ ní Ọjọ́rú.

"Kóòṣì."

"Hùn."

"Tó bá di àádọ́ta ọdún sí i, ṣé wọ́n máa tún un tẹ̀?"

"Wọ́n á tún un tẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ."

Kalyna ka ìka. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni òun máa jẹ́ nígbà náà. Ọmọ kan á wà tí tíṣà ń yọ lẹ́nu, ìyá àgbà kan á wà tó mú sísọ́ọ̀sì dání.

"Ẹ̀dà mélòó ni wọ́n máa ń kó wá sí ṣọ́ọ̀bù?"

"Ogún," ni Orest wí, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wádìí àwọn tó ń gbà á láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ibẹ̀ ni èmi ti ṣì í."